Rónkẹ́ mi, kà á tán kó o tó bínú

Rónkẹ́ mi,

Báwo ni? Màmá ńkọ́, Dàpọ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ torí mo mọ̀ ẹ́, wàá ti já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó sọ ọ́ débì kan, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Aago méjì òru ti lù níbí, hítà yàrá mi ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Lékan, kò sì gbóná. Tóyìn bí ìbejì, o ti gbọ́, owó aṣọ ẹbí ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi, má sọ fún un pé mo rántí.

Ó dáa, gbọ́. O mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni ká máa ya fọ́tò ohun tí ojú ò lè rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ kan fún gbogbo láàbù, iṣẹ́ Ryan Hibbs àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní San Diego, ó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní January 2025. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún nítorí wárápá, wọ́n gba díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gé kúrò, wọ́n yọ risẹ́pítọ̀ GABA inú ẹ̀ jáde, wọ́n wá yà á. GABA ni kẹ́míkà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ dákẹ́, risẹ́pítọ̀ ni prótéènì tó ń gbà á lára sẹ́ẹ̀lì. Ọpọlọ èèyàn gan-an o, kì í ṣe ti eku, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì láàbù ṣe bíi ti 2018.

Kiní yẹn rẹwà, Rónkẹ́. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àbí? Ti risẹ́pítọ̀ yìí márùn-ún ni, ègé prótéènì ni ààrò ẹ̀, alpha, beta àti gamma lorúkọ díẹ̀ nínú wọn, wọ́n tò yí ihò kan ká. Tí GABA bá wá há sí àlàfo àárín beta àti alpha, ibi méjì ló ti ń há, ihò yẹn á là, klóráìdì á rọ́ wọlé, klóráìdì inú iyọ̀ ọbẹ̀ náà ni o, sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ máa pariwo á sì panu mọ́. Oríṣi ààrò 19 ló wà, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń jókòó, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń méfò pé ta ló ń bá ta jókòó nínú ọpọlọ èèyàn. Nínú àwọn tó ní alpha 1 nìkan, wọ́n ka ìjókòó 12! Valium, oògùn amáratuni tí ìyá Tóyìn ò lè fi sílẹ̀ yẹn, àárín alpha àti gamma ló ń wọ̀, kò lè ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kí GABA máa ṣí i lemọ́lemọ́, bíi àǹtí tí kì í se ọbẹ̀ àmọ́ tó ń báni fẹ́ná.

Ibi tó wá mú mi nìyí. Nínú àwọn kan lára fọ́tò yẹn, nǹkan kan tó jọ oògùn há sínú àlàfo, àwọn kọ́ ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọ́n tọpa ẹ̀ títí, ó já sí oògùn wárápá tẹ́nì kankan ò retí pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mò ń fi hàn wọ́n lójú bọ́ọ̀dù, ohùn mi kàn dúró. Dàpọ̀ ni mo rí, Dàpọ̀ àti ṣíbí yẹn, lọ́jọ́ tí wárápá gbé e ní Bódìjà. Mo ní omi ni mo fẹ́ mu.

Èmi náà ń gbìyànjú tèmi o. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé mo fi twíísà mú gírídì bàbà, àwọ̀n kékeré tá a máa ń kán prótéènì sí ká tó yà á, ó fẹ̀ tó bíi mìlímítà 3, mo ti kán omi prótéènì sí i, ó ku kí n tì í bọ inú ethane olómi tó tutù gan-an kó lè dì, ọwọ́ mi gbọ̀n, ó tẹ̀ kọrọdọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín, torí kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Màmá mi pè lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní Ìyá Alákàrà ló sọ fún àwọn pé ẹ ti dá phenobarb, oògùn wárápá Dàpọ̀, dúró, pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ṣubú kẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò bá ẹ jà o, ìwọ lò ń gbé e dìde, mo mọ bí oògùn yẹn ṣe ń mú un sùn ní kíláàsì, mo mọ iye tí wọ́n ń tà á. Àmọ́ ara ààrò yẹn náà ni phenobarb ń lọ, òun ni kì í jẹ́ kí ihò yẹn tètè pa dé, ó sì ti mọ́ ọpọlọ ẹ̀ lára. Tẹ́ ẹ bá já a gbà lójijì, gìrì lè dé, òmíràn á gun ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn kó tó lajú, ìyẹn sì lè pààyàn. Mi ò ní kó máa lò ó títí ayé, dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Má sì sọ pé wàá fún un ní méjì fi dí èyí tó fò, mo mọ̀ ẹ́. Mú un lọ sí kíníìkì lọ́la, jọ̀ọ́.

Ya fọ́tò páálí oògùn yẹn fún mi, tẹ̀yìn tiwájú, kó o kọ ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn síbẹ̀. Màá fowó ẹ̀ ránṣẹ́, Tóyìn ṣì lè dúró. Mi ò tíì sùn, fóònù wà lọ́wọ́ mi.

Èmi náà ni,
Ṣadé