Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀, Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Wakọ̀ Nílùú Òyìnbó

Bódìjà, Ìbàdàn.

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́. O kú oríire láísẹ́ǹsì tuntun. Inú mi dùn pé o bọ́ lọ́wọ́ dídúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò láti ilé arúgbó kan tí ò ń tọ́jú sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú, mo ń gbọ́ ìró tráfíkétọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ, kó-kó-kó. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kò parí, ó sì rí ségesège. Bọ́sẹ̀, ò ń tẹ fóònù lórí ìrìn!

Mo mọ ohun tí o máa sọ: ọ́fíìsì ló ń pààrọ̀ ilé tí o máa lọ, bí o kò bá sì tètè fèsì, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ó yé mi. Àmọ́ wo òfin UK níbi tí o wà. Láti ọdún 2003 ni kò ti sáàyè kí ẹni tó ń wakọ̀ fọwọ́ mú fóònù pè tàbí kó fi tẹ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n tún fún un le débi pé fọ́tò yíyà lásán ti di ẹ̀ṣẹ̀. Kódà bí iná pupa bá dá ẹ dúró, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Owó ìtanràn £200, pẹ̀lú póìǹtì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tó yege ìdánwò, póìǹtì 6 yẹn ti tó láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Á tún lọ ṣe ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀. Kí lo máa wá fi ṣiṣẹ́?

Owó sì kọ́ lẹ̀rù mi. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí o wá ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, o ti rin nǹkan bíi mítà 140 láìríran. Ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Lóṣù tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. A sún mọ́ Ògèrè, níbi tí tírélà máa ń tò sí lẹ́bàá ọ̀nà, ni dírẹ́bà wa bá doríkodò, ó ń tẹ WhatsApp lórí itan. Ìyá kan pariwo látẹ̀yìn: "Dírẹ́bà! A gbàdúrà ní gáréèjì pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé wa fún un jẹ ni?" Gbogbo èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ní ọ̀gá òun ni, kí wọ́n má bínú. Ìyá ní kó gbé fóònù wá. Ọwọ́ sọ́wọ́ ló fi dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di Bẹ́gà kó tó gbà á padà. Òfin wà níbí náà o, ₦4,000 ni Road Safety kọ sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí, kò tó owó ọkọ̀ Èkó mọ́. Ẹnu ìyá yẹn ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìwọ nìkan lo wà nínú ọkọ̀ tìẹ. Ta ló máa pariwo mọ́ ẹ? Mi ò ní kí o ju fóònù sí búùtù, torí máàpù rẹ̀ lo fi ń wá ilé. Tẹ àdírẹ́sì sí i kí o tó ṣíná, gbé e kọ́ sí dáṣíbọọ̀dù, kí o sì tan ètò tó ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ dúró, èyí tó lè bá ẹ fèsì fúnra rẹ̀ pé ò ń wakọ̀. Sọ fún ọ́fíìsì pé ó di ìgbà tí o bá páàkì kí o tó dá wọn lóhùn.

Àwa tí à ń fi àmì ìbéèrè mẹ́ta lé ẹni tí kò tètè fèsì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti òní, bí mo bá ti gbọ́ tráfíkétọ̀, mi ò ní dáhùn, ì báà jẹ́ òfófó tó dùn jù ní Bódìjà.

Alẹ́ Sátidé ni kí o pè mí, tí o bá ti délé tí o ti jẹun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àbúrò rẹ fẹ́ rà ní Mọ̀níyà gba ìjókòó. Màmá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ń rí iṣu jẹ lọ́hùn-ún.

Èmi ni,
Fúnmi