Kí ni obìnrin náà ń wò lójú sánmà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àròkọ yín tọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn obìnrin Lárúbáwá tó ń ṣe ìwádìí ìràwọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ tilẹ̀ kọ ọ́. Àmọ́ láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbòrí ni, ọ̀rọ̀ ọkọ ni, "ìyanu" ni. Bí wọ́n ṣe máa ń pe àgùàlà ní ajá oṣù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àgùàlà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan. Merieme Chadid, ọmọ Casablanca ní Mòrókò. Ìràwọ̀ tó yàn láàyò ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní RR Lyrae. Wọn kì í dúró sójú kan: wọ́n á wú, wọ́n á tún súnkì, bí ikùn ẹni tó ń sùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lò tó ọjọ́ kan kí wọ́n tó ṣe é tán. Ẹni tó bá mọ bí ìmọ́lẹ̀ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á fi wé bó ṣe hàn sí wa níhìn-ín, á sì mọ bó ṣe jìnnà tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ á mọ́, wíwò á já. Ìdí rèé tí Chadid fi gbé iṣẹ́ lọ sí Dome C, ibùdó ìwádìí kan ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí oòrùn kì í yọ fún bí oṣù 3 nígbà òtútù. Mo sọ èyí ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan ní, "Mà, ṣé wọ́n ń rí oorun sùn níbẹ̀?" Kò bi mí nípa ìbòrí.

Ẹ tún kọ ọ́ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ o! Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Nadim, òǹkọ̀wé kan ní Baghdad, kọ orúkọ obìnrin kan sílẹ̀, al-Ijliyya, tó ń ṣe astrolabe, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn gíga ìràwọ̀, lọ́dọ̀ Sayf al-Dawla, ọba Aleppo. Àwa náà tí a ń sọ pé "sánmà", ẹnu Lárúbáwá la ti mú un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni iṣẹ́ àti owó oṣù. Chadid ní láti dé ilẹ̀ Faransé àti Chile. Rim Turkmani, ọmọ Síríà, Imperial College ní London ló ti ṣe ìwádìí oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí UAE, ibi tí Dubai wà, náwó sí ọkọ̀ òfurufú Al-Amal, tó gbéra láti Japan ní Oṣù Keje 2020 tó sì dé Mars ní Oṣù Kejì 2021, Sarah Al Amiri, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló ṣáájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Ìdá 80 nínú 100 wọn, obìnrin ni. Owó ìlú wọn ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n pé télískóòpù ta ni wọ́n ń lò, ta ló sì ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ti gbé Dome C rí, ẹ bá mi béèrè ọ̀rọ̀ oorun yẹn. Ọmọ náà ṣì ń dúró dè mí.

Olùkọ́ físíìsì kan, Ìsẹ́yìn