Fóònù Kékeré Kan Fún Ìrìn Tírélà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá mo bá tírélà kó iṣu bọ̀ láti Ṣakí, bá a ṣe kọjá Ìṣẹ́yìn díẹ̀ báyìí ni táyà bẹ́, òru dúdú, fóònù ńlá mi tí mo ti fi wo fídíò látàárọ̀ ti kú, ti dírẹ́bà ò ní káàdì (ẹ ò rí nǹkan!), la bá jókòó ti iṣu títí ilẹ̀ fi mọ́. Àṣé èèyàn lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, láìní káàdì, ti àwọn Road Safety sì ni 122. Ní báyìí mo ti ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, mi ò fi ṣe fésíbúùkù kankan, mo máa ń ṣáájì ẹ̀ kún kí n tó jáde nílé. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra irú ẹ̀ fún dírẹ́bà yín, owó ẹ̀ ò tó ti táyà kan.

Èmi, oníṣu kan ní Bódìjà, Ìbàdàn