Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ìlera ológbò ilé wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ni ó ń sin ológbò nítorí eku, àwọn àlùfáà wa sì ti kọ́ wa pé ẹranko náà kì í ṣe nàjísì (ohun àìmọ́ nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù), ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń rò ó pé ó nílò dókítà.

Ohun tí ó ń dùn mí jùlọ ni ọ̀rọ̀ parasitamọ́ọ̀lù. Bí ara ológbò bá gbóná, àwọn ẹlòmíràn a fi inú rere fọ́ hóró kan sínú oúnjẹ rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ lórí oògùn náà bí ti ènìyàn, àti pé hóró kan ṣoṣo lè pa á. Akọ ológbò tí ó ń tiraka láti tọ̀, tí ìtọ̀ kò sì jáde, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ológbò a máa fi àìsàn pamọ́. Ẹni tí ó bá ń kíyè sí oúnjẹ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò tètè mọ̀.

Ìtọ́jú náà ń náni lówó lóòótọ́. Síbẹ̀, ológbò tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú wa, ayọ̀ ńlá sì ni kí ó máa fara nu ẹsẹ̀ ẹni bí a bá ti ìrun àsùbáà dé.

Mo bẹ ìjọba Kwara kí wọ́n máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi wá sí àdúgbò, fún ológbò àti ajá.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin