Ìtàn Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹnì kan sọ fún ọ níbi iṣẹ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ìyá ń mú lọ sílé ti wá, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni, inú iṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà níbí ni ó ti jáde, inú mi sì dùn pé o béèrè.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwòsàn yìí sílẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Iṣẹ́ àánú ni wọ́n pè é, wọn kò fi ṣòwò.

Ní 1956 ni Dókítà David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé, tí ó sì gba Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lọ, níbi tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn títí wọn yóò fi pé ọdún 5. Wọ́n rí i pé ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó jẹ kì í lè kojú èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru, àti pé ara ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti máa fà sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan kí ìyá rẹ̀ tó fura. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ya ìlà méjì tí ó ń gòkè sórí káàdì. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọn a fi àmì kan sí oṣù yẹn. Bí àwọn àmì náà bá ń tẹ̀lé ìlà lọ sókè, ara ọmọ ń le nìyẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró sójú kan, nọ́ọ̀sì yóò bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í kó káàdì náà pamọ́ sí ọ́fíìsì. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń fi í sí, ìyá a sì gbé e relé. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà, nítorí ìyá di ẹni tí ó mọ ìtàn ìlera ọmọ rẹ̀, kódà bí kò bá mọ̀wé.

Ní 1975 ni ìjọba da ilé ìwòsàn náà pọ̀ mọ́ ti ìkọ́ni ìṣègùn Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a wá ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kọ́ ìtọ́jú ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé pé ìkọ́ni ti wà ní Wesley Guild kí yunifásítì tó dé.

Lọ́ńdọ̀nù ni Morley ti padà lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé. Jọ̀wọ́, bí ọ̀nà rẹ bá gba ibẹ̀, bá mi béèrè bóyá wọ́n ṣì ní káàdì Ìmẹ̀sí àtijọ́ lọ́wọ́, kí o sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bọ́lájí