Ọ̀rọ̀ platelet ọmọ tuntun kọjá nọ́ńbà

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà bàbá tó ń bínú pé dókítà kọ̀ láti fa platelet sí ọmọ òun lára, nígbà tí iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 40,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Oyún ọmọ náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 30 tí wọ́n fi bí i. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, irú ìbínú yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Platelet, àwọn hóró wínníwínní inú ẹ̀jẹ̀, ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òbí wo ló máa gbọ́ pé ó dín lára ọmọ òun tí kò ní ní kí wọ́n fi kún un?

Síbẹ̀, mi ò rò pé dókítà yẹn ṣe àìdáa. Ní 2019, àbájáde ìwádìí kan jáde láti Ìlú Ọba, Ireland àti Netherlands, lórí ọmọ 660 tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 34. Apá kan, tí platelet wọn bá ti kéré sí 50,000, wọ́n á fà á sí wọn lára. Apá kejì, ó di ìgbà tó bá kéré sí 25,000. Nínú àwọn tí wọ́n tètè ń fún, 26 nínú 100 ló kú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn gan-an láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n ní sùúrù fún, 19 ni. Nígbà tí wọ́n fi máa pé ọmọ ọdún méjì, ìyàtọ̀ náà ò tíì parẹ́.

Ohun tó ṣeé ṣe kó fà á ni pé àgbàlagbà ló ń fi platelet tọrẹ, tiwọn ò sì ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọ tuntun. Bí ohun tí a ń fà sí wọn lára ṣe pọ̀ tó náà wà níbẹ̀: gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọn kìlógíráàmù kan ò ju nǹkan bíi mìlílítà 90 lọ, a sì lè fa 15 sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ tún máa ń tanni. Ẹ̀jẹ̀ tí a gún ní gìgísẹ̀ ọmọ lè dì pọ̀ nínú ìgò, ẹ̀rọ á wá ka platelet rẹ̀ sí kékeré. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti tún un yẹ̀ wò.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya lára ọmọ, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi 25,000 dá a dúró. Àwọn ọmọ ńlá tó ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà ní tiwọn lọ́tọ̀: 10,000 ni wọ́n sábà máa ń dúró dè.

Ibi tí mo ti gbè sẹ́yìn bàbá yẹn ni pé kò sẹ́ni tó jókòó tì í ṣàlàyé èyíkéyìí nínú èyí fún un. “Kò tíì tó o” nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n bá kọjá lọ.

Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ìkókó