Alákìtàn Kọ́ Ni Gbogbo Ẹni Tó Ń Ṣa Ìdérí Ìgò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànìn ní Òṣogbo yìí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣa ìdérí ìgò, sìlípáàsì àti kẹ́ẹ̀gì kiri, tí wọ́n ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ ọnà, alákìtàn lásán ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká dá sí i.

Òkìtì ìdérí ìgò kò tíì di iṣẹ́ ọnà. Òfin tí ẹni tó ń kó o jọ fi de ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: irú èwo ni yóò mú, níbo ni yóò ti mú un, kí ni kò ní mú. Ẹ wo Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé bẹntiróòlù láti Nàìjíríà lọ sí Benin ló ń lò. Wọ́n máa ń yan kẹ́ẹ̀gì náà lórí iná kó lè wú, kó gba epo sí i. Ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ó sì lè bẹ́ lójú ọ̀nà. Hazoumè to 304 irú wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe to ẹrú sínú Brookes, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrú láyé ọjọ́un, ó pe iṣẹ́ náà ní La Bouche du Roi, British Museum sì ṣàfihàn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007. Ká ní kẹ́ẹ̀gì tuntun láti ọjà Ìgbọ́nà ló tò síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní ní ìtàn tó máa sọ. Òṣogbo, ìlú tó ti gba àwòrán tí oníṣẹ́ ọnà Jimoh Buraimoh ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe láti àwọn ọdún 1960, kò sì yẹ kó máa sá fún ìdérí ìgò.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń bàjẹ́ ni ohun èlò. Ọ̀pọ̀ wọn ń wo El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana tó ṣiṣẹ́ ní Nsukka fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ́ṣẹ́. Ìdérí ọtí líle tí à ń yí ṣí, tó jẹ́ alumíníọ̀mù, ni tirẹ̀, wáyà bàbà ló sì fi ń so ó. Ìdérí bíà àti mínírà, ìyẹn oníẹyín 21, irin ni. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ìṣó dá ihò lu sí i, ọ̀dà tó bò ó á ṣí. Bí ẹ bá tún ki wáyà bàbà bọ ihò náà, tí òjò wá pa á, irin tó fara kan bàbà nínú omi á yára dógùn-ún. Etí ihò ló máa kọ́kọ́ jẹ, ìdérí á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò ló bá ìdérí bíà mu, abẹ́ òrùlé ni kí iṣẹ́ náà sì wà. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ yọ rọ́bà pẹlẹbẹ inú ìdérí kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, torí ó ń pa omi dídùn mọ́: èèrà á wá, ìdógùn-ún á tẹ̀ lé e.

Ní ti ike, ẹ gé ìgò omi àti ìdérí rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú báàfù omi. Ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Gọ́ọ̀mù kì í mú irú èyí tó léfòó dáadáa, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà náà sì wà lára wọn. Ríran tàbí síso ló tọ́ sí wọn. Ẹ má sá wọn sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ o, wọn á máa fọ́ lọ́wọ́ bíi gúgúrú.

Kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ṣa nǹkan àti ọjọ́ rẹ̀ sórí páálí kékeré, kí wọ́n fi òwú so ó mọ́ àpò. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ ọ́, torí omi kì í pa á rẹ́.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá tẹ àwòrán irú iṣẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, iye rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ṣà á sábẹ́ rẹ̀. “Oríṣiríṣi nǹkan” kò tó.

Àwa òǹkàwé yín,
Òṣogbo